Àpò Funfun Lórí Ọ̀pẹ Màrúfátù

"Ìyá, kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bulọ́sọ̀mù?"

Bonaventure ló béèrè, òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ kan ní Pobè. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé Issaba, ó bá Màrúfátù nídìí ọ̀pẹ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni, wọ́n sì ń sọ kiri pé ìjọba tuntun ń wá ilẹ̀ tí yóò gbin ọ̀pẹ sí.

Màrúfátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìlaròó ni òun ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó ń ta gàrí níbẹ̀; etí rẹ̀ ló fi ṣà á jọ. Faransé ni ti Bonaventure. Kí ló fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe nínú oko òun?

"Níbo lo ti rí i?"

"Ara àpò tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà fún iṣẹ́ wa."

Ó rọra dá a lóhùn. "Ìtànná ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtànná gbogbo. Ti igi tó máa so ni, bí ọsàn, bí máńgòrò. Wọ́n tún máa ń wí i fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára sí i. Òdòdó tí a kàn ń wò lójú, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́."

"Ti ọ̀pẹ ńkọ́?"

"Òdòdó abo rẹ̀ ni. Ti akọ kì í so."

Ó dúpẹ́, ó lọ. Màrúfátù ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ jẹun kì í béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò.

Nígbà tó ti ọjà Sakété dé, ó rí àpò funfun tí wọ́n fi okùn so mọ́ òdòdó ọ̀pẹ rẹ̀ tó dára jù. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá so nǹkan mọ́ igi ti fi ààlè sí i nìyẹn: ó ní tòun ni. Ẹni tí kò so ó kì í sì í tú u. Kò tú u. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Pobè.

"Ṣé o ti gba ọ̀pẹ baba mi ni?"

Bonaventure dìde. "Rárá o, Ìyá. Mo bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ìyẹ̀ akọ burúkú, lẹ́búlẹ́bú tó ń dà lára òdòdó akọ, sí i ni. Èyí tó dára la fẹ́ fi sí i."

"Ta ló fún ọ láyè?"

"Ẹ̀yin náà ni. Mo bi yín nípa ọ̀pẹ, ẹ sì dá mi lóhùn."

"Ọ̀rọ̀ lo bi mí, o ò tọrọ ọ̀pẹ. Bí mo bá sọ orúkọ ọmọ mi fún ọ, ṣé mo ti fi í fún ọ láya nìyẹn?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bonaventure ní tirẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àpò náà wà níbẹ̀. Ó ṣèlérí pé ọmọ ọ̀pẹ kan láti inú èso òdòdó náà yóò jẹ́ ti Màrúfátù.

"Ọmọ ọ̀pẹ tó máa so," ni Màrúfátù wí. "Títí yóò fi so, o jẹ mí ní gbèsè."

Nígbà tó yá, Bonaventure mú ọmọ ọ̀pẹ náà wá lóòótọ́. Màrúfátù gbìn ín sí ẹ̀yìn yàrá rẹ̀, níbi tí yóò ti máa rí ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀pẹ náà yọ òdòdó. Bonaventure gbọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ dé.

"Ìyá, bulọ́sọ̀mù rèé. Gbèsè mi ti tán."

Màrúfátù sún mọ́ igi náà, ó gbọn òdòdó sí àtẹ́lẹwọ́. Ìyẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bò ó lọ́wọ́. Akọ ni.

"Òdòdó lèyí," ló wí, ó sì ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. "O ṣì jẹ mí."