Ojú Kan, Tẹlifíṣọ̀n Kan

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà náà. Kì í ṣe pé ó ń lọ́ra o. Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni. Bó bá ń fi ayùn rẹ́ pákó, á máa dá a sọ fún ara rẹ̀, "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí oníbàárà bá sì wá ń yọ ọ́ lẹ́nu pé òun fẹ́ gbé àga òun lọ kíá, èsì kan náà ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn tó bá kàn, ìka kan lèèyàn máa fi tì í, á sì pa dé wẹ́kú.

Ibì kan ṣoṣo ni orúkọ náà kì í bá a dé, ìdí géèmù ni. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, tó ti fọ eruku igi kúrò lára, tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ rẹ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á di eré àsápajúdé. Eré ọkọ̀ ni wọ́n máa ń sá níbẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì péré nìyá wọn bí. Ìyá náà kú nígbà tí àbúrò ṣì wà níléèwé, ẹ̀gbọ́n ló sì gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí tó fi wọ aṣọ funfun. Nígbà tí wọ́n jọ ń gbé, tí ilé dákẹ́ jù fún wọn, géèmù yẹn ni wọ́n fi ń pa ìbànújẹ́ rẹ́. Àbúrò wá di òṣìṣẹ́, ó kó lọ sílé tirẹ̀, síbẹ̀ kò yé wá ní Sátidé.

Bí géèmù náà ṣe rí nìyí: tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ọ̀kan, àwọn tó ń wò ó jẹ́ méjì, nítorí náà wọ́n la ojú rẹ̀ sí méjì. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ń gbà wà lókè, ti àbúrò wà nísàlẹ̀. Oníkálukú á di páàdì tó fi ń darí ọkọ̀ tirẹ̀ mú, á sì gbájú mọ́ ìdajì tirẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ò ṣeé so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Wọ́n tún ní géèmù mìíràn tí wọ́n ti máa ń fara pamọ́ de ara wọn, àbúrò a sì máa yọ́jú wo ìdajì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè mọ ibi tó lúgọ sí.

"O tún ti ń wo tèmi!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò wo nǹkan kan. Ọpọlọ ni mo fi mọ̀ ọ́n."

"Ọpọlọ tó ń ṣẹ́jú nìyẹn!"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ẹ̀gbọ́n, ó rẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan, ó fági rẹ̀ dáadáa, ó sì so ó mọ́ àárín tẹlifíṣọ̀n bíi pèpéle tó yọrí síta. Òun jókòó sórí àga, àbúrò jókòó sílẹ̀. Ẹni tó wà lókè ò rí ìsàlẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò rí òkè. Ó ṣiṣẹ́ o! Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyàwó káfíńtà, tó ń ránṣọ nínú yàrá kejì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbálẹ̀ níbẹ̀, tó nàró, tó sì fi iwájú orí gbá pákó náà.

"Bàbá wọn, ẹ yọ pákó yìí kúrò níbí, kí n tó fi dáná."

Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nìyẹn, tí àbúrò sì padà sídìí ojú yíyọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu dé. Káfíńtà ń kan férémù ilẹ̀kùn mọ́ ògiri ilé tuntun kan. Ìṣó kan kọ̀ láti wọlé. Ó fún un ní òòlù kan, ó fún un ní ìkejì, kò sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìṣó ta sẹ́yìn kúrò lára kọ́ńkéré, ojú ọ̀tún rẹ̀ ló sì bà. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu wọn, ó ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò òun sọ ọ́ fún òun.

Àbúrò jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ló kàn lọ́jọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀tún ti lọ. Òsì wà digbí."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan báńdéèjì ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa náà. Ṣebí ojú kan ni mo máa ń dì tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó tọ́. Wọ́n ti bá mi dì í pa."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì já lu ẹ̀rín náà.

Àwàdà yẹn ò tó gbé e rìn jìnnà. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rí i pé ayé ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwòrán ara ògiri. Á gbé ife omi kalẹ̀, ife á bọ́ sílẹ̀ nítorí tábìlì ò sí níbi tó rò pé ó wà. Á gbé òòlù sókè lórí ìṣó, àtàǹpàkò rẹ̀ ni òòlù á bà. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ọwọ́ ọ̀tún yọ sí i, á ta gìrì. Dókítà ní ojú òsì á kọ́ iṣẹ́ méjèèjì tó bá yá, kó ṣáà ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá ní kí òun bá a di orí kejì pákó mú, á dáhùn pé, "Fi sílẹ̀. Ṣé mo ní kí o ràn mí lọ́wọ́?"

Sátidé kan, àbúrò dé, wọ́n sì tan géèmù. Ẹ̀gbọ́n mú ìdajì òkè bó ṣe máa ń mú un. Ṣùgbọ́n ìdajì tẹlifíṣọ̀n ti kéré jù fún ojú tó dá nìkan ń ṣiṣẹ́ tuntun. Kọ́nà tó rò pé ó jìnnà á ti dé sí i lójú, ọkọ̀ rẹ̀ á gbá igi, á tún gbá ògiri. Ojú náà ń ṣe omi. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kíní, ó tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, òun ló ń ṣáájú, inú rẹ̀ sì ti fẹ́ máa dùn, àfi bó ṣe ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó yọ́jú wo ìdajì ìsàlẹ̀.

Ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò gbá nǹkan kan. Ó kàn dúró ni.

"Kí lo ń dúró dè?"

"Páàdì yìí ló…"

"Má parọ́ fún mi. Ojú kan ló lọ, mi ò tíì fọ́jú." Ó rọra gbé páàdì kalẹ̀, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì fa aṣọ bo ẹ̀rọ géèmù lórí. "Mi ò ṣe mọ́. Àánú kọ́ ni mo ní kí o wá fi bá mi ṣeré."

Àbúrò lọ sílé láìjẹun. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n orí kunkun tí ìyá wọn fi sílẹ̀, wọ́n jọ pín in ni. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àbúrò gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ àti ẹ̀rọ géèmù tirẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kó wọn dé pálọ̀ ẹ̀gbọ́n, ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n kejì kọ ẹ̀yìn sí tàkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí i pé kò sí àánú nínú èyí, ó jókòó. Ó ní odidi ojú tẹlifíṣọ̀n fún ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yọ́jú wo tẹnìkejì. Lóòótọ́, ojú rẹ̀ ríran dáadáa báyìí. Àmọ́ pálọ̀ kún dí. Ìyàwó ò ríbi gbà dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ìsọ̀ tẹlifíṣọ̀n lẹ fẹ́ ṣí fún wa ni?"

Èyí tó wá burú ni pé wọn ò rí ojú ara wọn. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó dà bí ẹni ń bá èrò òkèèrè ṣeré lórí fóònù." Wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún dán gbígbà-fún-ara-ẹni wò: kí ẹnì kan sáré tirẹ̀ tán lójú odidi tẹlifíṣọ̀n, kí ẹnìkejì wá gbà á, kí wọ́n wo ẹni tó yára jù. Ìyẹn náà ò burú, àfi pé ìgbà tó bá kan àbúrò, ẹ̀gbọ́n á ti sùn lórí àga, á máa han-an-run.

Ẹni tó ń po oògùn nílé ìwòsàn wọn ló la àbúrò lọ́yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé gbogbo géèmù ló ń la tẹlifíṣọ̀n? Èyí tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń ṣe, inú àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà. Òkè là ń gbà wo ilé kan, bí ìgbà tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀. Alábàárù ni wá, a máa ń bá àwọn tó ń kó kúrò nílé gbẹ́rù. Ẹnì kan ò lè dá gbé e. Bí ẹnìkejì kò bá sì tẹ̀ lé ọ, ẹrù ò ní kúrò lójú kan." Ó yá a ní géèmù náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò ò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i rárá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló pè. Káfíńtà wà nídìí tábìlì, ó ń jẹun, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wọn. Àwọn obìnrin méjèèjì gbé bẹ́ẹ̀dì kan nínú géèmù náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì dábùú, ó kọ̀. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n fi fọ́ fèrèsé. Wọ́n tún gbé e dábùú.

Káfíńtà jẹ òkèlè kan, ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó jẹ òmíràn, ó tún wò ó. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ṣé báyẹn ni wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde? Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́! Orí ló máa kọ́kọ́ jáde! Orí!"

"Èwo lorí nínú rẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ẹ gbà mí o. Gbé e wá ńbí."

Ó nu ọwọ́, ó gba páàdì. Kò pẹ́ tí ariwo fi gba ilé kan. "Yí i! Yí i sọ́dọ̀ mi!" "Mo ti yí i, Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ dúró sílẹ̀kùn!" "Èmi ni mo dúró sílẹ̀kùn? Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi?" Bẹ́ẹ̀dì jáde. Àga onítìmùtìmù jáde. Tẹlifíṣọ̀n inú géèmù bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fọ́ yángá, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n dáwọ́ dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni àbúrò jókòó sí. Láti ọjọ́ tí ìṣó ti bà á, kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé apá ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Ó ní, "Bọ́ sí òsì. Mi ò rí ẹ níbẹ̀ yẹn."

Àbúrò dìde, ó bọ́ sí òsì, ó sì gbé páàdì rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni káfíńtà náà parí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fún olùkọ́ kan tó ń gbé lórí àjà kejì. Ó wo àtẹ̀gùn tóóró náà, ó wo ẹrù, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń lẹ táyà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ẹni tó ti sọ pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láìmọye ìgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìdí rẹ̀. Apá ọ̀tún mi ni kí ẹ máa bá mi wò. Tó bá ti fẹ́ kan ògiri, kí ẹ pariwo."

Ẹni ọ̀hún pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ilé olókè náà yọjú wò wọ́n, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù gòkè láìfara kan ògiri.

Eré ọkọ̀ ò tíì tán nínú ayé rẹ̀. Bó bá wù ú, á dá sá a lójú odidi tẹlifíṣọ̀n, ojú òsì náà sì ń mọ iṣẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán Sátidé, ẹrù ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń gbé. Wọ́n ti dé ibi tí fíríìjì ńlá kan ti máa kọjá odò lórí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ọkọ̀ náà ń dojú dé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò ló ń yára jù, àbúrò ní ẹ̀gbọ́n ló ń pàṣẹ jù. Ìyàwó ní àwọn méjèèjì ni kò mọ ẹrù gbé. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, fíríìjì náà ṣì wà létí odò.