Ọmọ Tó Ń Sunkún Kò Gbọdọ̀ Wọ Ọkọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú wa ń rí láràárọ̀ nínú ilé yìí. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè dá èyí gbé sínú.

Ọ̀dọ̀ mi ni Délé ọmọ mi ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì. Mojí ni ẹ̀gbọ́n. Akin ni àbúrò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni. Apẹja ni Délé, ìdájí ló máa ń wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde lọ sójú òkun. Èmi àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mojí, la jọ ń yan ẹja.

Òdìkejì omi ni iléèwé wà, kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá Fẹ́mi ló ń kó gbogbo ọmọ àdúgbò wa lọ, òun náà ló ń kó wọn bọ̀. Ọmọ tí kò bá wọ̀ ọ́, ilé ló máa wà.

Ṣé ẹ ti rí ilé tí ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹnu? Tiwa nìyẹn! Ìyá Mojí á fa Akin dìde lórí ẹní, á da omi tútù sí i lára, ọmọ á figbe ta. Bàtà ẹsẹ̀ kan á sọnù. A ó gbọ́ tí Bàbá Fẹ́mi ń fọn fèrè létí èbúté, Ìyá Mojí á gbé ọmọ sáré lórí afárá pákó, búrẹ́dì lẹ́nu ọmọ, omijé lójú rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi o. Ta ni kò ní pariwo bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ tí ọmọ ò tíì wọ ṣòkòtò?

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, wọ́n gbé Akin sínú ọkọ̀ tán, ló bá dìde dúró, ó ń nawọ́ sí ìyá rẹ̀, ó ń ké. Ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Omi wọlé! Àwọn ọmọ yòókù bú sígbe. Bàbá Fẹ́mi di òpó èbúté mú gírígírí títí ọkọ̀ fi dúró, ó wá gbé Akin padà fún wa.

“Ìyàwó Délé, gba ọmọ ẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, á dákẹ́ tó bá yá.”

“Kó tó yá yẹn, ṣé omi máa dúró dè wá? Ọmọ tó ń sunkún ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mi. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, màá gbé e.”

Mo fẹ́ bínú, n kò rí ibi tí mo fẹ́ gbé ìbínú náà sí. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mojí nìkan ló wá ń lọ. Kò pẹ́ tí tísà fi rán an sí wa pé bí Akin bá ń pa iléèwé jẹ báyìí, kó kúkú dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá Mojí jókòó sídìí iná ẹja, ojú rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe èéfín.

Ó ní, “Màámi, mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti nà án, mo ti ra bísíkíìtì. Kí ló kù?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ náà. Bó bá ti lajú báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wò, níbi òpó tí bàbá rẹ̀ ń so ọkọ̀ mọ́. Ọjọ́ kan tó ń bá mi ṣa edé, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ máa ń gbé èèyàn lọ nígbà tí òun bá ń sùn. Ó ní ọjọ́ mìíràn, kì í gbé wọn padà.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Òótọ́ ni, Délé máa ń sùn sójú òkun nígbà mìíràn. Ta ló ti ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọdé rí?

Mo ní kí a máa jí Akin kí bàbá rẹ̀ tó jáde.

Ìyá Mojí pariwo. “Màámi! Ọmọ tí a ò rí jí láàárọ̀, ẹ ní ká jí i ní ìdájí?”

Délé rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ fẹ́ kó wá bá mi fa àwọ̀n ni?”

Mo ní kí Akin tètè máa sùn, kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò fà á. Mo jókòó tì í, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀ títí ó fi lajú, mo sì mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Délé ní, “Akin, tú okùn fún mi.” Okùn le, ọwọ́ kéré. Délé tí kì í fẹ́ kí omi fà kí òun tó jáde dúró dè é. Nígbà tó tú u tán, Délé ní, “Mo ń bọ̀ o. Bá mi ṣọ́ ilé.”

Akin dúró títí a kò fi gbọ́ ẹ́ńjìnì mọ́. Mo ti ń retí igbe. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ebi ń pa mí.”

Ẹ wò ó, àyè wá pọ̀! A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà lórí iná ẹja wẹ̀ ẹ́. Yunifọ́ọ̀mù ti wà nílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Dípò ká máa jẹun nínú ilé ká máa wo ẹnu ọ̀nà, a gbé ẹ̀kọ lọ sí èbúté, a jẹ ẹ́ níbẹ̀, tí a ń wo omi. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn o. Ó da ẹ̀kọ sára ẹ̀wù lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá Mojí dé òdìkejì!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá Fẹ́mi wo ojú Akin dáadáa, ó gbé e. Akin jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Bàbá Fẹ́mi ṣe fẹ́ tú okùn báyìí, Akin ní, “Rárá!” Ìyá Mojí dì mí lápá mú.

Ọmọ náà nawọ́ sí mi, ó ní, “Màmá ni kí wọ́n tú u.”

“Họ́wù, ọ̀gá ọkọ̀ ti dé!” ni Bàbá Fẹ́mi wí. “Màmá, ẹ ò gbọ́ àṣẹ ni?”

Tèmi ti ìbàdí tó ń dùn mí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tú u. Akin kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, “Mo ń bọ̀ o. Ẹ bá mi ṣọ́ ilé.”

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹkún àárọ̀ ló jẹ́ ti oorun tàbí ti omi tútù. Ẹ bi ọmọ léèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Tiyín ńkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé? Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á. N kò lọ síbì kankan. Wọ́n ti ní kí n ṣọ́ ilé.