Ọjọ́ Tí Alùpùpù Bàbá Mi Mu Àdín

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì lè kanlẹ̀ láti orí alùpùpù, mo gbà pé bàbá mi ló ni ìdajì gbogbo ariwo tó wà láyé. Bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, ìsọdá odò la ó ti máa gbọ́ wọn. Màmá mi á gbé omi ẹ̀bà kaná. Omi náà á hó tán, bàbá mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ sí abà wa lẹ́yìn Olódò.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, àwọn wọléwọlé ló sì máa ń gùn ún láyé àtijọ́. Ọwọ́ wọléwọlé kan tó fẹ̀yìn tì ni bàbá mi ti rà á kí wọ́n tó bí mi. Kò ní ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú epo bẹntiróòlù gan-an ni wọ́n ń pò ó mọ́. Bàbá mi á fi agolo mílíìkì wọn ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n á mì í dáadáa bí ẹni ń mi ìgò àgbo, kí wọ́n tó dà á sí táǹkì. Ọ́ìlì yìí ló ń jẹ́ kó máa rú èéfín, gbogbo aṣọ ilé wa ló sì ń rùn ún, títí kan aṣọ ìrun.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó máa ń sáré bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu, á máa gbọ̀n wá jìgìjìgì títí eyín á fi máa yún mi. Òkè ni ìṣòro rẹ̀. Bí a bá ti dé ìdí òkè, bàbá mi á ní, "Rábí, bọ́ sílẹ̀ kí ẹṣin wa lè mí." Èmi á sáré tẹ̀ lé wọn, n ó sì bá wọn lókè níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí. Mi ò tètè mọ̀ pé àwọn ọmọ mìíràn máa ń jókòó sórí alùpùpù gun òkè.

Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi ojúgun kan sàlẹ́ńsà rẹ̀ tó gbóná, bàbá mi sì kọ́kọ́ fa etí mi dáadáa kí wọ́n tó wá òrí tí wọ́n fi pa ojú egbò náà.

Nígbà tí mo dé ìwé kẹfà, èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní abà wa tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ girama. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìwé tí mo kà ti tó. Wọ́n fẹnu kò pé bí mo bá pàdánù ìdánwò náà, kí n lọ bá àbúrò màmá mi ní Ṣáṣá, kí n máa bá wọn ta tòmátì. Títa tòmátì kò burú o, ṣùgbọ́n ìwé ni mo fẹ́.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, Bùrọ̀dá Múfú, ìbátan wa tó ń fi alùpùpù Jàpáànù ṣe ọ̀kadà, bá wa rọ epo kún táǹkì láti fi ṣe mí lóore. Alùpùpù tiwọn ní ilé ọ́ìlì lọ́tọ̀, fúnra rẹ̀ ló ń pò ó. Epo lásán ni wọ́n rọ sí tiwa. Bàbá mi ti oko dé, wọ́n rí i pé táǹkì kún, wọ́n sì ṣàdúà fún Bùrọ̀dá Múfú.

Láàárọ̀, a gbéra lọ sí Ẹgbẹ́dá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò náà. Inú mi dùn pé yúnífọ́ọ̀mù mi kò ní rùn. Mo ní, "Bàbá, kò rú èéfín lónìí."

Bí wọ́n ṣe bojú wẹ̀yìn báyìí ni ẹ́ńjìnnì ké fín-ín, tó há. Táyà ẹ̀yìn kò yí mọ́, ó wọ́ wa lọ sí etí igbó. Bàbá mi ṣí táǹkì, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ìka náà wò. "Epo lásán ni, kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Oore ló kúkú fẹ́ ṣe," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Èmi ti bú sẹ́kún. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀.

Ìyá àgbà kan ń yan ekùrọ́ létí ọ̀nà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, bàbá mi lọ bá wọn pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu àdín díẹ̀ fún wa."

"Ṣé ara ọmọ yẹn ló gbóná ni?"

"Rárá o, Ìyá. Màṣínì ni."

Bàbá mi gba àdín náà, wọ́n dà á sí táǹkì, wọ́n gbọn alùpùpù náà sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Mo rò pé àdúà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n tàpá sí i títí tó fi dáhùn, ó ń húkọ́, èéfín rẹ̀ sì ń ta sánsán bí ekùrọ́ yíyan.

Nígbà tí a dé ìdí òkè, mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Bàbá mi ní, "Jókòó. Má fi òógùn ba ìwé rẹ jẹ́." Wọ́n gbé e sí jíà àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé mi gun òkè yẹn. Ẹ́ńjìnnì ń ké tòò, etí mi ń dùn mí.

Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Tíṣà tó ń ṣọ́ wa ń fimú fínlẹ̀, wọ́n ń béèrè ẹni tó kó ekùrọ́ wá.

Nígbà tí mo jáde, alùpùpù náà kò dáhùn mọ́. A tì í dé Olódò. Mẹkáníìkì tú u, ó ní, "Bàbá, ká ní ẹ jẹ́ kó sinmi lẹ́yìn tó há ni, mà bá tún un ṣe. Gígùn tí ẹ tún gùn ún lọ yẹn ló pa á, kò sì sí pàátì rẹ̀ mọ́ níbikíbi."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí.

Mo yege, mo wọ girama. Lónìí, ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà abà wa, mọ́tò tó ń tutù nini ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ mi lọ síbi ìdánwò. Bí mo bá ra bíírò tuntun fún wọn, n ó rán wọn létí owó rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bàbá mi kò ní alùpùpù mìíràn mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sóko títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọn kò sì fi ọjọ́ kan sọ fún mi pé nítorí mi ni.