Ẹ̀yìn Takisí Gaston

Súbérù Àdìgún, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, mẹkáníìkì ní àdúgbò Nombakélé nílẹ̀ àjèjì, pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì tó ń gba gbígbọ̀n ọkọ̀ mọ́ra lára takisí Gaston ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ náà kò sì rìn tààrà mọ́. Oṣù kẹta ọdún 1968 ni. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn aláyẹ̀wò ìjọba yóò wo takisí náà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, Gaston kò ní lè gbé èrò mọ́, àwọn awakọ̀ márùn-ún tó ń bá a ṣẹgbẹ́ ní àdúgbò Akébé yóò sì kó ọkọ̀ tiwọn lọ fún ẹlòmíràn. Ó ti lé lọ́dún kan tí Súbérù ti ń retí iṣẹ́ wọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Gaston padà dé. Ọmọ Kétu ní Dàhòmì ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n ọn lẹ́nu.

"Bọ̀dá Súbérù, akàn lẹ fi ọkọ̀ mi ṣe. Mo dojú kọ ọjà Mont-Bouët, ìdí ọkọ̀ ń wo òkun."

"Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

"Màá fi sílẹ̀. Ibo ni mo tún fẹ́ wà á lọ?"

Ọgbà ọkọ̀ ẹrù ní Òṣogbo ni Súbérù ti kọ́ṣẹ́. Irin kan ṣoṣo ló gba ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù kọjá láti ọ̀tún dé òsì, kì í yẹ̀. Iwájú nìkan ni wọ́n ń tọ́. Nítorí náà, iwájú ló dojú kọ. Ó fi ọ̀pá wọn àlàfo táyà méjèèjì, ó yí irin tó so wọ́n pọ̀, ó wa ọkọ̀ dé etí títì, ó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àfi kó wọ́ sítíárìn sí òsì kí ọkọ̀ tó lọ síbi tó fẹ́.

Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó sì dúró wò ó.

"Bàbá Sìlífátù, oúnjẹ ń tutù."

"Jẹ́ kó tutù."

"Iwájú yìí tí ẹ ń tún ṣe látàárọ̀, ṣé ibẹ̀ lẹ ti pààrọ̀ nǹkan ni?"

Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ pupa náà sì tutù. Súbérù dìde, ó ń tọ ipa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ipa táyà ẹ̀yìn kò tẹ̀ lé ti iwájú. Ó yà sí ọ̀tún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ó padà wọ abẹ́ ọkọ̀. Lábẹ́ ọkọ̀ kékeré yìí, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ní apá irin tirẹ̀. Nígbà tó tú apá méjèèjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lè jáde, irin pẹlẹbẹ mélòó kan jábọ́. Irú èyí tí wọ́n fi ń dí àlàfo lásán lára ọkọ̀ ẹrù ló pè wọ́n, ó sì kó gbogbo wọn padà sí òsì, àṣé àwọn ló ń pinnu ibi tí táyà ẹ̀yìn kọjú sí.

Ó jáde. "Ẹjọ́ mi ni," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀yìn ni, kì í ṣe iwájú."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ta okùn ìpẹja méjì gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kó lè máa wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti táyà. Ó pe Gaston, Sìkírátù àti àwọn aládùúgbò méjì.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Níbo là ń lọ?" Gaston béèrè.

"A ò lọ síbì kankan. Takisí kì í rìn lófìfo. Bó ṣe ń rí nígbà tí èrò bá kún un ni mo fẹ́ wọ̀n."

"Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá gbé èrò lójú kan."

Bí Súbérù bá ti wọ̀n ọ́n, gbogbo wọn a sọ̀kalẹ̀, Súbérù a fi jáàkì gbé ọkọ̀, a yọ irin pẹlẹbẹ kan lósì, a fi í sí ọ̀tún, wọn a tún wọlé. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà.

"Bọ̀dá, èrò ti ń bínú o."

"Kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn."

Ní ẹ̀ẹ̀keje, àlàfo ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Ìgbà náà ló tó tún iwájú tọ́. Wọ́n wa ọkọ̀ jáde, Gaston ṣíwọ́ kúrò lára sítíárìn, ọkọ̀ kò sì yà. Súbérù ṣì ní kó dúró. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ wo ipa táyà nínú ẹrẹ̀ kó tó gbà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn aláyẹ̀wò fi òǹtẹ̀ lu ìwé takisí náà. Ní ọjọ́ Ajé, aago méje òwúrọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Akébé yóò dé sí Nombakélé. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ lára òun náà.