Jíà Karùn-ún ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ ká yin àwa tí a máa ń kun táyà. Ọba lè gbàgbé adé rẹ̀ sílé, adájọ́ lè jókòó láìdé wíìgì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa kò ní jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń funfun. A ó fọ̀ ọ́, a ó nù ún gbẹ, a ó da òróró ìkuntáyà sórí fóòmù, a ó sì fi pa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọn yóò fi máa dán bí ẹja àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi. Lẹ́yìn náà la ó wá wà á wọ inú ẹrọ̀fọ̀ tó wà lẹ́nu géètì wa. Ìgbàgbọ́ ńlá nìyẹn.

Bàbá mi jẹ́ àgbà nínú ìjọ yìí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ eré pupa kan, onílẹ̀kùn méjì, tó kéré débi pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, orúnkún ẹlẹ́sẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí. Jíà márùn-ún ló ní. Láti ọdún mẹ́fà, Bàbá ò lo ìkarùn-ún rí. Kòtò àti ọ̀kadà kì í jẹ́ kó kọjá ìkẹta. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣojú rere, ìkẹrin. Ní báyìí orúnkún òsì rẹ̀ ti bàjẹ́. Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dọ́kítà sì ti sọ pé lẹ́yìn rẹ̀, kó gbàgbé ọkọ̀ tó ń lo kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ eré kan kéde pé àwọn máa ṣí pápá kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ ní Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè náà, Bàbá ní kí n forúkọ òun sílẹ̀. Tíráàkì ni wọ́n ń pe irú pápá bẹ́ẹ̀: ọ̀nà ọ̀dà tó yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tí ewúrẹ́ kì í sọdá, tí ọlọ́pàá kì í dúró sí. Ọkọ̀ tí a fi ń lọ sọ́jà náà lè wọ ibẹ̀, bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì yege.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá fi palẹ̀ mọ́. Ó pààrọ̀ bíréèkì àti òróró ẹ́ńjìnnì, ó ra táyà tuntun mẹ́rin. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá dè ló ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín sí lára, bí wọ́n ti ń ṣe ní iléeṣẹ́, kó lè mọ̀ bó bá tú. Òfin ní kí ohunkóhun tó lè fò má ṣe wà nínú ọkọ̀. A kó ẹní ìrun jáde, agboòrùn méjì, kéègì omi, tẹ̀sùbáà, àti bàtà ẹsẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà la gbéra. Èmi ni mo wakọ̀, torí Bàbá ní òun ń tọ́jú orúnkún òun de ibi iṣẹ́. Ìyá mi tẹ̀lé wa dé géètì.

"Bàbá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré o."

"Eré yẹn gan-an ni mò ń lọ sá."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà má sá a púpọ̀."

Nínú Ìkòròdú, gbogbo àdúgbò ló ti mọ gegele tirẹ̀ sójú títì, ọkọ̀ wa sì ń fi ikùn kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Sìdí, rọra," ni Bàbá ń wí. "Kì í ṣe àgbò ọdún lò ń wọ́." Nígbà tí a já sọ́nà Ìtóìkín, ilé fọ́n ká, igbó sì bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹrọ̀fọ̀ pa ọkọ̀ náà dé fèrèsé. Nítòsí Èjìnrìn mo ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ládùúgbò wa. Bàbá gbé méjèèjì lé itan, ó dì wọ́n mú títí a fi dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n má baà fò.

Lẹ́nu ọ̀nà pápá náà, Alhaja kan ń ta ìkókoré: ewùrà rírin tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja. Àwo kan, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. A tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀, a fọ ẹrọ̀fọ̀ kúrò. Bàbá yọ ìgò òróró ìkuntáyà rẹ̀, ó fi pa ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó tó lọ jókòó ti oúnjẹ.

"Ará ibo ni yín?" ni Alhaja bi í.

"Ìwó. Àmọ́ Ìkòròdú là ń gbé."

"Ará òkè. Èkó ni àwa ti wá ní tiwa."

"Ìgbà wo lẹ ti kúrò l'Ékòó?"

"Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ìyá mi. Ṣùgbọ́n ará Èkó ni wá."

Ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò wọ ẹ̀wù olómi ọsàn. Ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí àwọn ìlà funfun, ó sì nàró. "Bàbá, ta ló ṣiṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó wá fọwọ́ pa táyà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni mo kùn."

"Ó wà lójú tó ń tẹ ilẹ̀, sà. Ọkọ̀ yìí á yọ̀. Mi ò lè jẹ́ kó wọlé. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ tiyín ló kẹ́yìn, aago mọ́kànlá ni wọ́n ń wọlé. Bí ẹ bá rí i fọ̀ kúrò kó tó dìgbà náà, ẹ pè mí."

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Mo sáré tọ Alhaja lọ. Ó fún mi ní ọṣẹ àti kànìnkàn méjì. "Èyí tí mo fi ń fọ ìkòkò ni," ó ní. "Ìkòkò tèmi kì í yọ̀."

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

"Táyà mélòó lo rí?"

"Mẹ́rin."

"Ọwọ́ mélòó lo ní?"

Ó gba kànìnkàn kan, ó sì fi orúnkún tí wọ́n fẹ́ là ní Mọ́ńdè kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. A ń fọ̀, a ń ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, a tún ń fọ̀. Ó ń mí gùlegùle. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọkùnrin náà fọwọ́ pa táyà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì gbé akoto fún Bàbá.

Mo dúró lẹ́yìn wáyà. Ní ìyípo kìíní, jíà kẹta ni mo gbọ́. Ní ìkejì, ìkẹrin. Ní ìyípo kẹta, ó jáde láti ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, ó dojú kọ ibi tó gùn jù, mo gbọ́ ìkẹrin tó lọ sókè, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ kékeré kan, kí ohùn ẹ́ńjìnnì tó wá lọ sílẹ̀, tó dẹ̀, tó wá ń kọjá lọ níwájú mi. Nígbà tó jáde kúrò ní pápá, ó ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí jíà.

"Ìkarùn-ún wọlé," ó ní.

Ó sùn láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ò pọ̀: pé èèyàn lè fi ọdún mẹ́fà dúró de ọ̀nà tí kò gùn tó òpópónà ilé wa, kó sì tó o.

Ìyá mi ṣí géètì. "Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ wọlé?"

"Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé wa. Èmi ni mo fà á. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni mo rò pé mò ń kùn, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti ń ṣìnà." Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó wò ó bí ẹni ń wo irinṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

"Ọwọ́ yín kọ́, Bàbá," ni mo wí. "Àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé ń dán ju tiwa lọ. Nígbà tí ẹ ń jẹun lọ́dọ̀ Alhaja, mo mú ìgò òróró yẹn, mo sì kùn ún kárí, títí dé ojú tó ń tẹ ilẹ̀. Èmi náà kùn ún."