Ìṣubú Tí Bàámi Kọ́ Nínú Fíìmù

Ariwo jẹnẹrétọ̀ tíṣà ilé kejì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Tí wọ́n bá ti tàn án báyìí, gbogbo ọmọ àdúgbò wa l'Érúwà á ti há sínú pálọ̀ wọn nítorí fídíò. Fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí ò ní àwọ̀, dúdú àti funfun lásán. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, tíṣà ló ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Ìyàwó kan kó kúrò nílé ọkọ, ọkùnrin míì ti fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọkọ wá wọṣọ bí ẹni tó ń gbé ọtí fún àlejò, ó wọ ilé ọkùnrin kejì yẹn, ó gbé tíréè, ó yọ̀, ó ṣubú yakata láàárín ìyàwó ẹ̀ àtọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ló bá bá ọkọ ẹ̀ lọ sílé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní fíìmù yẹn ò nítumọ̀, pé kò síjà, kò síbọn. Mo bá wọn jà nítorí ẹ̀. Mi ò sọ ohun tó ń ṣe mí fún wọn. Màámi náà ti kó lọ sílé bàbá wọn ní Lánlátẹ̀ látìgbà ìkórè àgbàdo. Bàámi ò lù wọ́n o, ebi ò sì pa wọ́n. Ohun tí màámi sọ kí wọ́n tó gbẹ́rù ni pé, "Ilé yìí dákẹ́ jù. Mi ò lè máa bá ògiri gbé." Lóòótọ́, bàámi lè jẹun alẹ́ tán kí wọ́n má sọ ju "gba abọ́" lọ.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti rí oògùn ẹ̀. Mo fa bàámi lọ sílé tíṣà lọ wo fíìmù yẹn. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá, wọ́n kàn ń wò ó bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó parí, wọ́n bi tíṣà pé, "Kí ló pa obìnrin yẹn lẹ́rìn-ín gan-an?"

"Ọkọ ẹ̀ tó ṣubú ni, bàbá."

"Ó dáa."

Nígbà tó di Jímọ̀, a gun máṣíìnì lọ sí Lánlátẹ̀. Bàbá màámi àtàwọn àgbà ilé ti jókòó, wọ́n ń retí ẹ̀bẹ̀. Màámi gbé omi wá fún wa. Bàámi dìde, wọ́n gba abọ́ omi yẹn, wọ́n gbé e rìn díẹ̀, wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, gbàà, tàwọn ti agbádá funfun. Fìlà fò lọ, omi dà sí wọn lára.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àgbà kan ní, "Ẹ gbé e dìde jàre, ó ti mutí." Bàámi tí ò tọ́tí wò rí láyé wọn. Ǹ bá gbá bàbá yẹn létí ká ní mo tó bẹ́ẹ̀. Màámi kúnlẹ̀, wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára agbádá, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dìde. Ẹ máa lọ sílé."

Màámi bá wọlé lọ.

Nígbà tá a rí Èrúwà lọ́ọ̀ọ́kán, bàámi bi mí pé,

"Ìyá ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàámi."

Màámi ti fẹ́ ẹlòmíì, ó ti pẹ́. Títí dòní, ẹni tó bá sọ pé fíìmù yẹn ò dáa, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fa ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe fíìmù ti sọ fún obìnrin inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé tọ́kùnrin yẹn bá ṣubú, kó rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ò sọ fún màámi. Ọkọ wọn tó ń ṣubú ni wọ́n rí.