Lọ́yà Tàíbátù àti Ẹsẹ̀ Ìsmáílà

Ohun tí gbogbo Ìyànà-Ìbà fi ń rántí olóògbé Lọ́yà Tàíbátù ni ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọ̀gá inṣọ́ránsì kan fi ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ Ìsmáílà tó ń ta rédíò ní Alábà ni. Mọ́tò ilé iṣẹ́ kan gbá a, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, inṣọ́ránsì mọ́tò náà ló sì yẹ kó san owó ìtọ́jú. Lọ́yà mú Ìsmáílà lọ sí ọ́fíìsì inṣọ́ránsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n to ìwé ọsibítù síwájú ọ̀gá ibẹ̀: àwòrán eegun, P.O.P. tí wọ́n fi di ẹsẹ̀, oògùn, igi méjì tí Ìsmáílà ń há sábíyá rìn. Ọ̀gá náà fa ìlà pupa sábẹ́ igi.

"Ẹsẹ̀ kan ló kán, Mà. Igi kan la máa san."

Lọ́yà gba igi kan lọ́wọ́ Ìsmáílà, wọ́n nà án sí ọ̀gá náà. "Ẹ ká ẹsẹ̀ kan sókè, kí ẹ fi èyí sọ̀kalẹ̀ dé géètì. Tí ẹ bá débẹ̀, mo gbà."

Ọ̀gá náà rò pé àwàdà ni, àfìgbà tó rí ojú Lọ́yà. Ní àtẹ̀gùn kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó ní kí akọ̀wé òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi méjì ni.

Síbẹ̀, inú ń bí Ìsmáílà. Òun ni mọ́tò gbá, òun náà ni wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bí olè. Nígbà tí àwọn inṣọ́ránsì tún ní àwọn ò ní san owó kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ ọsibítù, ó lọ ṣe ayédèrú rìsíìtì ogún abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó gbé e wá fún Lọ́yà.

Lọ́yà kà á dópin, wọ́n fi ìka sórí ọjọ́ kan nínú rẹ̀. "Ìsmáílà, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, ta ló jókòó síbí láti àárọ̀, tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi?"

"Èmi ni, Mà."

"Ta ló wá ń gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù?"

Lọ́yà ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́. "Irọ́ kan ṣoṣo ni àwọn inṣọ́ránsì ń wá, kí wọ́n lè fi da gbogbo òótọ́ rẹ nù. Ṣé ìrora tó o jẹ ò tó ni, tó o fi fẹ́ bu irọ́ kún un?"

Lọ́yà ní kó jókòó kọ gbogbo ìrìn ọsibítù náà, ọjọ́ àti ibi tó ti wọkọ̀, wọ́n sì pe oníkẹ̀kẹ́ láti Ọ̀tọ̀-Àwórì wá fọwọ́ sí i. Ìgbà tí Ìsmáílà máa fi dìde, ọwọ́ ń ro ó ju ẹsẹ̀ lọ.

Inṣọ́ránsì san án. Ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n Lọ́yà ò parí. Gbogbo ọ̀sán Sunday ni wọ́n ń pe Ìsmáílà lórí fóònù: "Ṣé o ti na ẹsẹ̀ yẹn lónìí bí dókítà ṣe wí?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní, "Nà án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí n máa gbọ́ bó o ṣe ń kà á."

Ní Sunday tó tẹ̀lé ìsìnkú Lọ́yà ní Ìbà, Ìsmáílà wo fóònù títí ó fi kírun alásárì. Kò dún. Ó di àga mú, ó na ẹsẹ̀ náà nígbà mẹ́wàá, ó ń kà á sókè, kò fo ọ̀kankan.